Bíríkì Òṣùpá àti Ẹrẹ̀ Ìyá Wa

Ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, lójú ọ̀nà oko, nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò tíì gùn tó láti bá a rìn ní dọ́gba. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Oǹdó láyé àtijọ́ tó fẹ́ mọlé. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó pọn omi sí i, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì pé kí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ gún ẹrẹ̀. Àkọ́bí ń sùn lọ́wọ́. Àbúrò kò dúró dè é. Ó kó sínú ẹrẹ̀, ó ń gún un, ó ń kọrin. Wọ́n fi ẹrẹ̀ náà mọ ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri iwájú àti ògiri ẹ̀gbẹ́ dé igun, wọn ò gbà láti pàdé. Ọ̀kan kọjú sí ìlà-oòrùn, èkejì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, bí orogún méjì tó jọ ń bá ara wọn jà. Wọ́n wó o, wọ́n tún un mọ, ibi tí wọ́n bá a náà ni wọ́n tún bá a. Àfìgbà tí wọ́n jí àkọ́bí, tó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ẹrẹ̀ tuntun, ni igun ilé tó fẹnu ko ẹnu.

"Nítorí náà," bí ìyá àgbà ṣe máa ń parí rẹ̀ nìyí, "ìwọ ni wàá máa kọ́kọ́ tẹ ẹrẹ̀ nílé yìí. Ìwọ ni àkọ́bí."

Mo gbà á gbọ́. Ta ni yóò sọ fún ọmọdé pé òun ló ṣe pàtàkì jù, tí ọmọ náà yóò ní irọ́ ni?

Nígbà tí bàbá mi wá fẹ́ mọ ilé ìdáná fún ìyá wa lẹ́yìn ilé, gbogbo agbo ilé ló dúró sétí kòtò ẹrẹ̀, tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá wa bí tẹ̀ lé mi, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó di etí aṣọ ìyá wa mú. Mo ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ẹrẹ̀. Ó tutù. Ó ń rú yọ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bí ẹ̀kọ tó sùn mọ́jú. Wọ́n hó fún mi. Ìgbà náà ni wọ́n tó jẹ́ kí àwọn yòókù wọlé, kí wọ́n máa gún un.

Mi ò joyè kankan láyé mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní èdè Yorùbá ní Oǹdó, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń pa àlọ́ fún ẹni tó bá ráyè gbọ́. Oyè tí mo ní kò ju ìyẹn lọ: ẹsẹ̀ mi ló ń kọ́kọ́ wọ ẹrẹ̀.

Ní àsìkò òjò tó kọjá yìí ni ògiri ilé ìdáná náà wó lápá kan. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìyá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń já ewé efinrin, ló bá gbọ́ gbìì lẹ́yìn. Ó yíjú padà, ó rí àwọn ìkòkò rẹ̀ ní gbangba.

"Ó ti ní fèrèsé wàyí," ni ó wí.

Mo ní ó dára, tí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró, màá gbẹ́ ilẹ̀ pupa lẹ́yìn ilé, a ó po ẹrẹ̀, a ó sì mọ ọ́n padà bó ṣe wà. Ìyá wa kò gbà kí a fi búlọ́ọ̀kù ṣe é. Ó ní búlọ́ọ̀kù máa ń mú ooru, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀fọ́ tètè rọ. Lórí ìyẹn, a fẹnu kò. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni kò dùn mọ́ mi.

"Ṣùgbọ́n jẹ́ ká dúró de àbúrò rẹ," ó ní.

"Kí ni àbúrò mi mọ̀ nípa ẹrẹ̀, Ìyá?"

"Ẹni tó ń kọ́lé sí òṣùpá, ìwọ ń bi mí pé kí ló mọ̀ nípa ẹrẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àbúrò mi jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dojú kọ ni bí èèyàn yóò ṣe lè fi erùpẹ̀ tó wà lórí òṣùpá ṣe bíríkì, kí àwọn tó bá lọ gbé níbẹ̀ lè rí ilé kọ́. Erùpẹ̀ òṣùpá kò sí nílẹ̀ fún wọn, nítorí náà wọ́n ń lọ òkúta Àkúrẹ́ kúnná, wọ́n ń jọ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lójú ọ̀nà Ìjù, wọ́n ń pa wọ́n pọ̀ títí yóò fi jọ èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún. Kò tíì kọ́ ilé kankan sí òṣùpá. Ó ń ṣe bíríkì sórí tábìlì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wa, ẹ ó rò pé ó ti gbé ilẹ̀kùn síbẹ̀, ó ku kó wá kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ nínú ìjọ wa. Èmi ni mo máa ń mú ìyá wa lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú rẹ̀. Èmi ni mo gun òrùlé lọ kan páànù tí ìjì ṣí. Tí a bá jáde nínú ìsìn, tí mo di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú lórí àtẹ̀gùn, àwọn èèyàn á dá wa dúró, wọ́n á wo ojú èmi gan-an, wọ́n á bi mí pé, "Ọmọ ìyá yín tó ń kọ́lé sí òṣùpá ńkọ́, ṣé àlàáfíà ló wà?" Màá ní àlàáfíà ló wà. Ilé ayé ni èmi ń bá ìyá wa tún ṣe. Ẹni tó ń tún òṣùpá ṣe ni wọ́n ń kí.

Tí àbúrò mi bá wá pè lórí fóònù, ẹ ò ní mọ̀ pé ìyá wa kan náà ni. Ohùn kan wà tó fi ń bá a sọ̀rọ̀, ohùn rírọ̀ bíi ti wúńdíá. Mi ò mọ ibi tó ń tọ́jú ohùn yẹn sí láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta tí èmi nìkan bá wà nílé.

Nígbà tó yá, mo ní kí n lọ fi ojú ara mi rí i. Mo wọ taksí láti Oǹdó, àbúrò mi sì wá fi mọ́tò gbé mi ní Alágbàká, nínú Àkúrẹ́. Ó mú mi wọ yàrá ńlá kan tó kún fún garawa àti ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ funfun ń pè é ní sà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mí. Mo ka iye ìgbà náà títí, ó sú mi, mo fi í sílẹ̀.

Ó na abọ́ kan sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ kàn án."

Eérú ni mo kọ́kọ́ pè é. Ó kúnná, ó wọ abẹ́ èékánná mi, ó sì ń gún ni lọ́wọ́.

"Bí tọ̀hún ṣe rí nìyẹn," ó ní. "Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kò sí àgbàrá tó ń yí i gbirigbiri. Nítorí náà ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́."

"Báwo lomi tí ẹ ń pò mọ́ ọn ṣe ń pọ̀ tó?"

"A kì í fi omi sí i. Omi tí wọ́n bá rí níbẹ̀, mímu ni wọ́n máa mu ún."

"Ẹ wá ń po ẹrẹ̀ láìsí omi."

"Kì í ṣe ẹrẹ̀, Ẹ̀gbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni a ò lè gbé símẹ́ńtì lọ. Ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá, ẹrù ìwọ̀nba ló lè gbé. Ohun tí ẹ bá bá nílẹ̀ níbẹ̀ lẹ ó fi kọ́lé."

Lẹ́yìn náà ó mú ike kan wá. Nǹkan aláwọ̀ ìyeyè ló wà nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n kó tó sọ̀rọ̀. Imí ọjọ́ ni. Òun náà ni ìyá wa máa ń pò mọ́ òróró láti fi pa àwa méjèèjì lára nígbà tí kúrúnà bá mú wa. Ó ní òun náà wà lára ohun tí wọ́n lè rí fà yọ nínú ilẹ̀ ọ̀hún. Ó yọ́ ọ lórí iná, ó da erùpẹ̀ gbígbẹ sí i, ó rò ó, ó sì bù ú sínú àpótí kékeré tí wọ́n fi ń dá bíríkì. Kí n tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó fún mi tán, ó ti gan pa. Mo fi ìka kàn án. Ó dún kó.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, mo sì bi í ní ìbéèrè tó ti wà ní àyà mi láti Oǹdó. "Ta ló ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́?"

Ó wò mí. "Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ kì í kàn án rárá."

Ó wí i bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí i. Mo gbé ìyẹn náà sínú, mo fi kún ohun tí mo ti gbé sínú tẹ́lẹ̀.

Bíríkì mẹ́ta ló dì fún mi. "Ẹ bá mi mú un fún Ìyá, kí wọ́n kàn rí i. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé iná ni ọ̀tá rẹ̀ o. Ibi òjìji, níbi tó tutù, la máa lò ó lọ́hùn-ún."

Mo sọ fún ìyá wa bó ṣe wí. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ tún pè, ó tún un sọ. Ìyá wa ní òun ti gbọ́, òun kì í ṣe ọmọdé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó o: àgbàlagbà obìnrin tí ilé ìdáná rẹ̀ wó, tó ń dáná sábẹ́ igi ọsàn, ẹnì kan wá gbé òkúta mẹ́ta tó dọ́gba wá fún un. Kí lẹ rò pé yóò fi ṣe?

Ọjọ́ Sátidé kan ni àwọn ìyá ìjọ wá kí i. Wọ́n ní àwọn wá wo bíríkì òṣùpá. Ìyá wa ní wíwò nìkan kọ́, wọn yóò jẹ iyán orí rẹ̀. Èmi ni mo ń bẹ iṣu. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti to àwọn bíríkì náà yí iná ká, ó ti gbé ìkòkò lé wọn.

"Ìyá, wọ́n ní kí iná má kàn án."

"Ilé tí èèyàn yóò máa gbé nínú òfuurufú, ìkòkò iṣu ni kò ní lè gbé? Bẹ iṣu rẹ. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù."

Fún ìgbà díẹ̀, ó dúró. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìyá wa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan gbéra nílẹ̀, ó ta wá nímú, omi bọ́ lójú wa. Iná náà ti di aláwọ̀ aró nísàlẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ìyá ìjọ fi ìborùn bo imú.

"Òórùn kí nìyí? Ṣé imí ọjọ́ tí àlùfáà fi ń dẹ́rù bà wá kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni," ni ẹnì kejì wí, ó ń wúkọ́. "Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mo bá jà."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọ̀kan nínú bíríkì mẹ́ta náà tẹ orúnkún rẹ̀ ba, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìkòkò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Iṣu, omi, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀, iná sì kú fìn-ín.

"Ọmọ rẹ kọ́ bíríkì yìí dáadáa," ni ìyá àgbàlagbà náà wí. "Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbá ara wọn mú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, mo ń retí kí ìyá wa yíjú sí mi, kí ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi." Ohun tí mo ń retí kò ju gbólóhùn yẹn lọ. Ìyá wa fi etí ìró nu omijé ẹ̀rín. Ó ní, "Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ó ní ilé ni wọ́n fi ń kọ́, kò ní iṣu ni wọ́n fi ń sè." Nígbà tí bíríkì tó tẹ̀ náà tutù, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e wọlé, ó sì gbé e sórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá wa.

Ẹ̀gbin tó yọ́ yẹn ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Odi tí èmi mọ yí ẹ̀yìn ilé ká, tí àgbàrá ti kọlù títí tó ti sú àgbàrá, kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni wá wò ó rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá wa wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní àbúrò mi ń bọ̀ nígbà tí òjò bá dá, kí n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. "Òun ni yóò kọ́kọ́ tẹ ẹrẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí," ó ní.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo rán an létí ìtàn ìyá àgbà. Mo pa á fún un látìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin tó fẹ́ mọlé, àkọ́bí tó ń sùn, igun tí kò pàdé. Ìyá wa tẹ́tí sílẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ìtàn náà dùn. Ìyá ọkọ mi ló sọ ọ́ fún ọ, àbí?"

"Àwọn ni."

"Àkọ́bí ni àwọn náà." Ó ju òkúta kan jáde nínú ẹ̀wà. "Èmi tí mo jẹ́ àbígbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ní ìtàn."

Mo dìde, mo lọ wá ọkọ́ mi.

Mo gbẹ́ ilẹ̀ náà. Gbogbo àárọ̀ kí n tó lọ sílé-ìwé, mo ń gbẹ́ ẹ, mo ń bú àbúrò mi lábẹ́ ètè. Mo pọn omi sí i, mo jẹ́ kó mu ún. Mo ń ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lójoojúmọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gba ohun tó mú. Mo ń ṣe é, inú ń bí mi pé mo ń ṣe é.

Ọjọ́ náà pé. Àbúrò mi dé láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú bàtà dúdú tó ń dán. Àwọn ará ilé àti aládùúgbò mélòó kan dúró sétí kòtò bí ti àtijọ́. Ìyá wa jókòó sórí àpótí ìdáná rẹ̀, ó nàka sí àbúrò mi.

"Ìwọ. Bọ́ bàtà rẹ."

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ìwọ ni mo pè."

Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ẹrẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, kò gbé èkejì. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ó tutù, ó sì ń rú yọ láàárín ọmọ ìka. Ojú rẹ̀ yí padà di ojú ọmọ tó di etí aṣọ ìyá wa mú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, kò gbójú sókè. "Ǹjẹ́ ẹ mọ ìdí tí mo fi yan erùpẹ̀ òṣùpá?"

"Nítorí pé ìwé rẹ pọ̀ jù ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Gbogbo ilẹ̀ tí mo fẹ́ tẹ̀ nílé yìí, ojú ẹsẹ̀ yín ni mo ń bá níbẹ̀. Mo wá lọ wá ilẹ̀ kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò lè dé ṣáájú mi."

Ìyá wa ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni adùn. Ẹnì kan ti ń jowú mi láti kékeré, ẹni tí gbogbo ìjọ ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ̀. Adùn náà kò pẹ́. Mo ro ọ̀rọ̀ náà wò, mo rí i pé níbẹ̀ náà ó tún fi jù mí lọ. Owú tirẹ̀ gbé e dé òṣùpá. Tèmi ò gbé mi kọjá etí kòtò.

"Ẹ wọlé, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. Ó na ọwọ́ sí mi.

Mo bọ́ bàtà mi. Mo wọlé ṣe ìkejì. Ẹrẹ̀ tí ẹlòmíràn ti tẹ̀, kò tutù bí èyí tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀. Ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó sì ti fi àyè sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì ń bọ́ sínú ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí mo tilẹ̀ ń yà fún un. A gún un títí ẹrẹ̀ fi dé wa lórúnkún. Nígbà tó yá, a ń kọrin.

A mọ ìpele kan, a jẹ́ kó gbẹ, a tún mọ òmíràn lé e. Àbúrò mi ti padà sí Àkúrẹ́ kí a tó dé òkè. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ wo igun tí ògiri tuntun ti pàdé ti àtijọ́. Mi ò ní sọ ohun tí mo ń retí fún yín. Igun náà pàdé, kò sí àyè tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá.

Ìyá wa ti ń dáná níbẹ̀ báyìí, lórí ààrò rẹ̀ ti àtijọ́. Tí àlejò bá dé, á fi bíríkì tó kúnlẹ̀ hàn án ná, lẹ́yìn náà á mú un lọ sẹ́yìn ilé, á fọwọ́ kan ògiri náà, á ní, "Ọmọ mi ló tẹ ẹrẹ̀ èyí." Kì í sọ ọmọ wo. Mo máa ń wà nítòsí, mo máa ń dúró bóyá yóò sọ ọ́. Owú náà ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ti gbẹ ni, bí ògiri.

Ìwọ tó bá mi jókòó débí, ta ló kọ́kọ́ tẹ ẹrẹ̀ nílé yín, ǹjẹ́ o sì ti bi ẹni tó wọlé ṣe ìkejì rí bó ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀?